Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Kan Lẹ́bàá Afárá Okùn

Yèyé mi ló ṣáájú àwọn obìnrin tó fẹ́ sọdá odò láàárọ̀ ọjọ́ náà, agbọ̀n iṣu lórí rẹ̀. Ogun ti rọlẹ̀, wọ́n ń padà sí oko tí wọ́n ti pa tì nítòsí Aràmọkọ. Odò kún, ó ń hó. Afárá okùn nìkan ni ọ̀nà.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe. Ogun ló kó mi lọ ní kékeré. Èkó ni mo ti gbọ́ èdè Òyìnbó, kí n tó bá Òyìnbó arìnrìn-àjò kan padà wálé.

Ọ̀dọ̀fin, ìjòyè tó ṣe afárá náà, sọ fún wa pé ẹfọ̀n lè sùn lórí rẹ̀. Òyìnbó fọwọ́ tẹ okùn wò. Ó lo ọ̀rọ̀ kan, òfàréètì, ó ní ohun tí Ọ̀dọ̀fin ń ṣe nìyẹn, kí n sọ fún un.

N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí. Bí mo bá pe Ọ̀dọ̀fin ní òpùrọ́, ìjà dé. Bí mo bá dákẹ́, yèyé mi á gun afárá.

Mo bi Òyìnbó pé, "Ṣé irọ́ lẹ ní ó pa?"

"Rárá. Ó fẹ́ràn nǹkan náà débi pé ó kà á sí ju bó ti jẹ́ lọ."

Mo dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ó ní ẹ kò purọ́. Ó ní agbára tí ẹ rò pé afárá yìí ní ju èyí tó ní lọ."

Ọ̀dọ̀fin bi mí pé, "Òun ló sọ bẹ́ẹ̀, àbí ìwọ?"

"Òun ni, Bàbá."

"Ó dáa. Ẹ di òkúta sínú agbọ̀n, ẹ fi ọ̀pá gígùn tì í lọ sórí afárá."

Òkúta kò tíì dé àárín odò tí okùn ọwọ́ òsì fi já. Afárá dojú dé. Àwọn obìnrin figbe ta. Ẹ̀rín ń pa mí, torí kò sí ẹnì kankan lórí rẹ̀.

Ọ̀dọ̀fin fọwọ́ pa ojú ibi tó já. "Èmi àti bàbá mi la jọ lọ́ okùn yìí. Ìyẹn ni mo ń wò. N kò wò ó pé ó ti rà."

Gbogbo wa já ìtàkùn tuntun, a lọ́ ọ. Òyìnbó lọ́ tirẹ̀, kò dì. Ọ̀dọ̀fin tú u, ó ní, "Sọ fún un pé òun náà ka ọwọ́ rẹ̀ sí ju bó ti jẹ́ lọ." Mo túmọ̀ rẹ̀. Òyìnbó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí a ṣe é tán, yèyé mi ló kọ́kọ́ sọdá. Ó sọ ẹrù kalẹ̀ ní òdìkejì, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá dé pé kò sí ọ̀rọ̀ Òyìnbó kankan láyé yìí tí ọmọ òun kò gbọ́. N kò dá a lẹ́kun.