Oògùn Àgùntàn Lẹ́nu Ojúlarí

Kí ló dé tí Ẹlẹ́dàá á fi ohun tí ojú kò rí sínú ẹ̀jẹ̀ ẹranko, tí oògùn tó ń wo àgùntàn sàn á wá di ikú rẹ̀? Mo ti kúnlẹ̀ lé ìbéèrè yìí títí eékún mi fi le bí àtẹ́lẹsẹ̀. Èsì ò tíì wá. Ẹni tó kọ́kọ́ bi mí ni darandaran kan tí gbogbo wa ń pè ní Baba Súfèé.

Agbo àgùntàn kan ni bàbá wọn fi sílẹ̀ fún òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n pín in tìjàtìjà, wọ́n sì na wáyà sáàárín pápá. Baba Súfèé kì í pariwo. Tó bá ti súfèé, Ojúlarí, ajá rẹ̀, á ti yí agbo po. Ìyá Ojúlarí jẹ́ ajá adàgùntàn onírun gígùn; bàbá rẹ̀, ajá ìgboro kan tó yọ́ wọlé. Bàbá yìí ló jọ: irun kúkúrú, ìrù bí ìgbálẹ̀ àlòkù. Àfi tó bá dé iwájú àgùntàn ni èèyàn tó mọ̀ pé ọmọ ìyá rẹ̀ ni.

Ọjọ́ tí wọ́n bá fún agbo lóògùn aràn, ìyókù ìdí ìgò, orí búrẹ́dì ni wọ́n ń dà á sí fún ajá. "Aràn ò mọ àgùntàn yàtọ̀ sájá," ni bàbá wọn máa ń wí. Ajá ẹ̀gbọ́n ló máa ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, kò sì sín rí. Wáyà ti wá dí ọ̀nà. Lọ́dún yìí, Ojúlarí ló kàn. Ó jẹ búrẹ́dì náà tán, ó lá ìka ọ̀gá rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Kí oòrùn tó wọ̀, itọ́ ti ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ó ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí, ojú rẹ̀ là, kò ríran. Baba Súfèé rọra súfèé kó lè tù ú nínú. Ajá náà dìde, ó forí gbá ògiri, ó ṣubú. Baba tún súfèé. Ó tún dìde.

Ìyàwó rẹ̀ figbe ta. "Baba, ẹ dákẹ́! Ṣẹ́ ẹ ò rí i pé ó rò pé ẹ ń rán òun níṣẹ́ ni?"

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, ẹni tí kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. "Aṣọ́nà kan wà lẹ́nu ọ̀nà ọpọlọ tó máa ń lé oògùn yìí padà. Lára irú àwọn ajá adàgùntàn kan, aṣọ́nà yẹn ò ṣiṣẹ́. Àbíbí ni. Ó máa ń dé ara àdàlù wọn náà."

"Kò mà jọ ìyá ẹ̀, Dókítà."

"Irun lẹ̀ ń wò. Oògùn ò wo irun. Ta ló fún un?"

"Èmi ni."

"Ó mà ṣe o. Ṣó bímọ?"

"Ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi ló mú un."

"Ó lè ti jogún ẹ̀, ó sì lè má jogún ẹ̀. Àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ. Ẹ kìlọ̀ fún wọn."

Orí tábìlì ibẹ̀ ni Ojúlarí kú sí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, alàgbà nínú ìjọ wa, dúró lódìkejì wáyà, ọmọ Ojúlarí lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá fún agbo lóògùn lọ́la, ẹ má fún ajá yẹn."

"O pa tìẹ tán, o wá ń wá tèmi?"

"Dókítà ló ní..."

"Ṣé dókítà ló kọ́ bàbá wa níṣẹ́? Oògùn ò burú, ọwọ́ ẹ ló burú." Ó fi ìka méjì sẹ́nu, ó súfèé bí àbúrò rẹ̀ ṣe ń ṣe é gẹ́lẹ́. Ọmọ ajá náà ki eré mọ́lẹ̀, ó yí agbo po. Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Wò ó, ó gbọ́ èdè ẹ! Lọ́la, á jẹ búrẹ́dì ẹ̀."

Baba Súfèé wá bá mi nílé, torí èmi ni mò ń darí àdúrà nínú ìjọ. Mo ní ká kúnlẹ̀. Kò kúnlẹ̀.

"Ìyá Àdúrà, ẹ̀gbọ́n mi ò gba ti dókítà, kò gba tèmi. Ìran nìkan ló ń gbà."

"Mi ò rí ìran kankan, Baba Súfèé. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ìkankan."

"Mo mọ̀," ló wí. "Ẹ ṣáà bá mi sọ fún un pé ẹ rí i."