Ìyá Mi ní Ìpẹ̀kun Àga

Ní ilé wa l'Ọ̀tà, láyé ìjọba òyìnbó, bí a bá ti kírun yídì dé lọ́jọ́ Iléyá, fọ́tò ló kàn. Bàbá mi ra kámẹ́rà kan lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sílùú rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ló sì ń fi yà wá. Bàbá á jókòó sáàárín, ìyáálé á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ìyàwó yòókù á tò tẹ̀ lé e bí wọ́n ṣe wọlé sí. Ìyá mi ló wọlé kẹ́yìn, ìpẹ̀kun ni tirẹ̀. Lọ́dọọdún ni ojú rẹ̀ ń fẹ̀ nínú fọ́tò, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń wú bí ti ẹni tó ń fẹ́ná. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí. Ìyáálé á ní bí ẹwà ẹni bá ṣe mọ ló ń jáde sí fọ́tò. Ìyá mi kò gbé ọ̀kankan nínú àwọn fọ́tò náà kọ́ sí yàrá rẹ̀ rí.

Ó dùn mí wọra. Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ fọ́tò dé láti Èkó, tí wọ́n fa kámẹ́rà lé mi lọ́wọ́, mo fi ṣọ́ọ̀kì àti rúlà fa ìlà sára ògiri ẹ̀yìnkùlé, níbùú lóròó, gbogbo rẹ̀ dọ́gba bí àpótí. Mo ya ògiri náà, mo gbé rúlà lé fọ́tò rẹ̀. Àwọn àpótí àárín dọ́gba régé. Àwọn ti etí fẹ̀, ìlà wọn tẹ̀. Dígí ojú kámẹ́rà ló ń mú kí etí fọ́tò fẹ̀, ojú ìyá mi ò ṣe nǹkan kan.

Nígbà tí Iléyá dé, mo fa ìyá mi lọ́wọ́, mo fi í jókòó sáàárín.

"Ta ló ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀?" Bàbá mi bi mí.

Mo na fọ́tò ògiri sí i, mo ní kó wo iṣẹ́ ọwọ́ dígí kámẹ́rà. Kò wò ó. "Ṣé dígí ló máa kọ́ mi bí a ṣe ń jókòó nílé mi ni?"

"Bàbá, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ti ìyá mi ti ń wọ́ lójú yín láti ọjọ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí ìyáálé lọ sí ìpẹ̀kun lẹ́ẹ̀kan péré."

Ìyáálé pòṣé. "Èmi kẹ̀? Ojú ta ni wọ́n fẹ́ bà jẹ́?"

Àṣé ó mọ̀ pé ìpẹ̀kun ló ń ba ojú jẹ́. Ó ti mọ̀ tipẹ́.

Bàbá ní kí n dá ìyá mi padà sáyè rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n kúrò nílé òun. Ìyá mi ti ń dìde. Inú bí mi gan-an. Mo ní, "Ìyá mi, ẹ jókòó." Làwọn yòókù bá fìbínú dìde, ó wá ku òun nìkan láàárín àga òfìfo. Mo yà á.

Mo kó ẹrù mi lọ sí Ṣàngó lọ́jọ́ kejì. Mi ò tọrọ àforíjì, mi ò sì ní í tọrọ rẹ̀. Nígbà tí mo fọ fọ́tò náà tán, tí mo fi han ìyá mi, àwọn àga ìpẹ̀kun ló fẹ̀, tó tẹ̀. Ìyá mi fọwọ́ kan ojú tó wà láàárín, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀.

"Èmi rèé," ló wí.