Ilẹ̀ Tí Wọ́n Ń Dà Sídìí Igi Ìyeyè

Ìyá tó bí bàbá mi, tí à ń pè ní Màmá Àgbà, kì í ṣe oníjà. Gbogbo àdúgbò wa ní Adó ló mọ̀ ọ́n sí ìyá jẹ́jẹ́ tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń ka rósárì rẹ̀, tó sì ń kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá. Àmọ́ ní bí ọdún kan kí àwọn sójà tó gbé ìjọba fún alágbádá ní 1979, ìyá jẹ́jẹ́ yìí gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, ó mú ọ̀pá gígùn kan dání, ó wá ń bá gbogbo ayé jà nítorí ilẹ̀ tí wọ́n ń dà nù. Wọ́n ní orí rẹ̀ ti ń dàrú. Kí n má parọ́, èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí inú ṣì ń bí mi títí di òní. Káńsù mọ bíríkì yíká sí oríta, wọ́n ní ibẹ̀ ni kí gbogbo wa máa da ilẹ̀ sí, pé ọkọ̀ yóò máa wá kó o. Ọkọ̀ wá lóòótọ́. Ó wá, ó wá, nígbà tó yá ó di ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tó tún yá a ò rí i mọ́. Tí a bá béèrè, wọ́n á ní ó bàjẹ́. Tí a bá tún béèrè, wọ́n á ní kò sí dẹ́rẹ́bà. Ilẹ̀ kún inú bíríkì, ó ya sójú títì, ewúrẹ́ ń tú u, ìdin ń rìn lórí rẹ̀. Tí òjò bá rọ̀, omi dúdú á máa ṣàn lọ́nà Ọjà Ọba, ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì á ká aṣọ rẹ̀ dé orúnkún. Àwọn káńsù ò tiẹ̀ wojú wa.

Kálukú wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí yóò da tirẹ̀ sí. Lẹ́yìn ilé wa, igbó kékeré kan wà láàárín wa àti odò, igi ìyeyè kan ṣoṣo ló dúró láàárín rẹ̀. Ilẹ̀ ẹbí bàbá mi ni. A ò kọ́lé sí i, a ò sì gbin nǹkan kan sí i. Ẹnìkan kọ́kọ́ ju èèpo iṣu síbẹ̀. Kí a tó ṣẹ́jú, abọ́ ilẹ̀ ti ń tẹ̀lé ara wọn wá ní ìdájí: èérú, agolo mílíìkì, bàtà tó já, àti láílọ́nù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde nígbà yẹn. Alàgbà ìjọ kan wà ládùúgbò wa tó máa ń fi agbádá bo garawa ilẹ̀ rẹ̀ nígbà tó bá ń lọ fún àdúrà òwúrọ̀. Bí Màmá Àgbà bá ká a mọ́ ibẹ̀, á ní, "Ẹ kú àárọ̀, Ìyá," bí ẹni pé kò gbé nǹkan kan dání.

Màmá Àgbà ò gbà fún wọn. Ó ń pariwo ní èdè Èkìtì wa pé, "Ugbó yìí kì í ṣe ààtàn o! Ẹ gbé e padà sí ulé yín!" Á fi ọ̀pá lé wọn, lẹ́yìn náà á tẹ̀ ba, á máa gbá ìdí igi ìyeyè náà, tòun ti ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti tẹ̀. Àwọn ọmọdé sọ ọ́ ní Olópàá Ààtàn. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà ni, mo ń kọ́ ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ojú máa ń tì mí tí àwọn ọmọ kíláàsì mi bá ń pe orúkọ yẹn. Mo sọ fún un pé, "Màmá Àgbà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ máa tún Adó ṣe ni?" Ó kàn mú ọ̀pá rẹ̀, ó tún jáde sẹ́yìnkùlé.

Ìyá tó bí mi, ará Ìjan ni, ewé ló ń tà ní Ọjà Ọba, gbòdògì àti ewé eéran tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti ọ̀ọ̀lẹ̀. Bàbá mi ti ṣaláìsí, àmọ́ Màmá ò kúrò lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀. Inú abọ́ kan náà làwọn méjèèjì ti ń jẹun. Tí wọ́n bá ń bú ara wọn, ẹ̀rín ni. Mi ò rí ìyàwó àti ìyá ọkọ tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí, n ò sì tíì rí i títí di òní.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀, Màmá gbé agbọ̀n ewé tó ti rọ dé láti ọjà. Oríta ti di ọ̀gọ̀dọ̀, kò sí bí ó ṣe máa débẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó gba ẹ̀yìnkùlé, ó sì da ewé náà sídìí igi ìyeyè. Háà! Igbe tí Màmá Àgbà ké lọ́jọ́ náà, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó sáré, ẹni tí kì í sáré, ó di apá Màmá mú, ó ń mì ín. Ó ní, "Kì í ṣe ìwọ! Ẹlòmíì lè dà á síbẹ̀, kì í ṣe ìwọ!"

Àwọn aládùúgbò ti jáde síta. Ojú ti Màmá gan-an. Ó ní, "Kí ni mo ṣe, Ìyá? Gbogbo ayé ń dà á síbẹ̀, tèmi nìkan ló wá ń rùn? Ṣé torí pé ọkọ mi ti kú ni?"

Màmá Àgbà jọ̀wọ́ apá rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó bú sẹ́kún. Màmá wọ yàrá rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò jẹun nínú abọ́ kan náà mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí Màmá ti lọ sọ́jà, Màmá Àgbà pè mí wọ yàrá, ó ní kí n ti ilẹ̀kùn. Ó bi mí bóyá mo rántí àbúrò mi. Mo ní, "Àbúrò wo?" Èmi nìkan ni Màmá bí, ohun tí mo mọ̀ nìyẹn. Mo kàn rántí pé nígbà tí mo kéré gan-an, ikùn Màmá tóbi, pé lọ́jọ́ kan àwọn èèyàn kún ilé wa, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n sì ní kí n lọ ṣeré nílé kejì. Ó ní ọkùnrin ni ọmọ náà. Kò dé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, kò sì rí ìrìbọmi gbà, nítorí náà wọn ò gbé e lọ sí itẹ́ òkú ìjọ. Òun fúnra rẹ̀ ló fi aṣọ funfun wé e, àbúrò bàbá mi gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì sin ín sídìí igi ìyeyè nígbà tí Màmá ṣì wà lórí ẹní.

Nílẹ̀ wa, wọn kì í jẹ́ kí ìyá mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Ẹnikẹ́ni kì í sọ fún un, òun náà kì í béèrè. Wọ́n ní tó bá mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ yóò máa lọ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Màmá ò béèrè rí, Màmá Àgbà ò sì sọ. Ìdí tí wọn ò fi kọ́lé síbẹ̀ nìyẹn, tí wọn ò gbin nǹkan kan. Màmá Àgbà fi etí ìró nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó mi da ilẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lórí níṣojú mi, yeye mi. Mi ò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, kò lè jókòó sẹ́yìnkùlé mọ́. Ó fi ibẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Kí n má jẹ́ kí wọ́n dà á síbẹ̀, kí Màmá má sì mọ ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ méjì tó le ju iṣẹ́ tíṣà lọ!

Mo ti gbọ́ táwọn kan ń sọ pé àwọn rí òkú. Èmi ò rí òkú kankan. Agolo mílíìkì ni mò ń rí, agolo mílíìkì ọmọ ẹlòmíì lórí ilẹ̀ àbúrò mi. Mo lè wà níwájú kíláàsì, kí n mú ṣọ́ọ̀kì dání, kí n máa kọ́ wọn ní ìmọ́tótó, ọkàn mi á ti lọ sẹ́yìnkùlé. Màá rántí ajá tó ń fẹsẹ̀ wa ilẹ̀ níbẹ̀ láàárọ̀. Àwọn ọmọ á máa wò mí, èmi ò ní mọ ohun tí mo fẹ́ kọ mọ́. Nílé ńkọ́? Màmá á máa kọrin, á máa fọ ìkòkò, á wá da omi ìkòkò náà fìì sọ́nà igi yẹn. Kò mọ̀. Mo gbìyànjú láti bá àwọn aládùúgbò sọ̀rọ̀, mo ní onígbáméjì ń bọ̀, mo ní eku ń pọ̀. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ọmọ ọmọ Olópàá Ààtàn ti gbapò. Mo bú àwọn kan, ẹ má bi mí léèrè ohun tí mo wí.

Ọyẹ́ dé. Ẹnìkan, a ò mọ ẹni náà, ti iná bọ ààtàn yẹn. Kì í ṣe iná tó ń jó fòò kó tán. Abẹ́ ló ń jó, ó ń rú èéfín lọ́sàn-án àti lóru, ó wọ inú aṣọ wa, ó wọ inú oúnjẹ wa. Mo pọn omi títí, mò ń dà á sí i, ṣe ló ń pariwo ṣùùù, á tún rú níbòmíì. Màmá ń wúkọ́ lórí oúnjẹ àárọ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń sun lẹ́yìnkùlé wa yìí?" Màmá Àgbà fa aṣọ borí lórí ẹní rẹ̀. Mo dìde nídìí oúnjẹ, mo gbé garawa, mo tún lọ pọn omi.

Èéfín yẹn ló mú wolé-wolé wá, tòun ti ṣòkòtò péńpé káákì rẹ̀. Ẹni tí a ò rí nígbà tí wọ́n ń dà á! Ó ní ilẹ̀ ẹbí wa ni, àwa la jẹ̀bi. Ó ní káńsù yóò gbé katapílà wá, wọn yóò gé ibẹ̀ títí ilẹ̀ pupa á fi hàn, wọn yóò ti gbogbo rẹ̀ sódò. Inú Màmá dùn dọ́ba. Ó ní, "Ọlọ́run ṣeun, a ó sinmi." Ó gbé àga fún un, ó bu omi tútù fún un.

Katapílà dé lóòótọ́. Ká ní ọkọ̀ akólẹ̀ ni, kò ní wá. Màmá fúnra rẹ̀ ló ṣíwájú, ó ń lé adìẹ lọ́nà, ó ń fi ọwọ́ júwe ibi tí dẹ́rẹ́bà yóò gbà. Èmi ò mọ ìgbà tí mo sáré. Mo kàn rí i pé mo dúró níwájú irin ńlá yẹn.

Màmá kígbe mọ́ mi. "Kúrò níbẹ̀! Ṣé orí ẹ pé ṣá? Ìwọ tó o ń pariwo ìmọ́tótó láàárọ̀ lálẹ́!"

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé ibẹ̀."

"Kí ló wà níbẹ̀? Kí ló wà níbẹ̀ tí ìwọ àti Ìyá ò fi jẹ́ kí n sinmi?"

Mo na apá mi méjèèjì, mo dínà. Dẹ́rẹ́bà pa ẹ́ńjìnì. Ìgbà yẹn la rí Màmá Àgbà tó ń fi ara ti ògiri bọ̀, láìwé gèlè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Ìyàwó mi, máa bọ̀ nílé."

Màmá wò ó. Ó wò mí. Ó wo igi ìyeyè náà. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà díẹ̀díẹ̀, mi ò sì fẹ́ rí irú rẹ̀ mọ́ láyé. Ó sún sẹ́yìn, ó ń wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀. Ó wá yíjú sí dẹ́rẹ́bà, ó rọra ní, "Ẹ máa wa ọkọ̀ yín lọ, ẹ̀gbọ́n. Àwa fúnra wa la máa kó o." Wolé-wolé tó tẹ̀lé wọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í fárí gá, ó ní òun á gbé e lọ sí kóòtù. Màmá ní, "Gbé mi lọ! Lónìí yìí ni kó o gbé mi lọ!" Kò kígbe mọ́ èèyàn bẹ́ẹ̀ rí. Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Màmá ò lọ sọ́jà fún ọjọ́ mélòó kan. Èmi àti ẹ̀ ń fi ọkọ́ kó ilẹ̀ gbogbo àdúgbò sínú agbọ̀n ewé rẹ̀, à ń rù ú lọ sí ààtàn àtijọ́ tó wà lódìkejì odò. Alàgbà kọjá, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Màmá dá a lóhùn. Èmi ò dá a lóhùn, n ò sì tíì dárí jì í.

Nígbà tí a sún mọ́ ìdí igi, Màmá dúró. Ó na ọkọ́ tọwọ́ rẹ̀ sí mi. Ó kẹ̀yìn sí mi, ó kọjú sílé. Ó ní, "Ìwọ lo mọ ibẹ̀. Èmi ò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n."

Mo ń kó o, ó dúró bẹ́ẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn. Mo kó agolo, mo kó láílọ́nù tó ti yọ́ mọ́ra, mo kó èérú. Ó ní, "Ṣé o ti dé ibẹ̀?" Mo ní mo ti dé ibẹ̀. Ó tún bi mí. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Ṣé iná ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?"

Mo kúnlẹ̀, mo gbá èérú tó kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ náà gbóná, mo yára gbé ọwọ́ mi kúrò.

Mo ní, "Rárá, Màmá. Iná ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Ó ní, "A dúpẹ́." Ó ní kí n gbé agbọ̀n rù òun, mo gbé e rù ú láti ẹ̀yìn, ó sì gba ọ̀nà odò lọ.