Iṣẹ́ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Rán

"Ìyá Hàbíb, nígbà tí kò bá sí kòkó lórí pèpéle yìí, kí lẹ máa ń fi ṣe?"

Àgùnbánirọ̀ kan tó ń jẹ́ Eli ló bi Ùmmúkùlsùm ní ìbéèrè yìí, ní Odigbo, nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Pèpéle kọnkéré tó tẹ́ gbalasa lẹ́yìn ilé ni, ibi tí olóògbé ọkọ rẹ̀ máa ń sá kòkó sí. Ùmmúkùlsùm dá a lóhùn pé ewúrẹ́ ló ń sùn síbẹ̀. Eli rẹ́rìn-ín. Ó ní bí màmá bá lè bá òun bẹ àwọn ewúrẹ́, òun á máa fi ibẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ùmmúkùlsùm kò mọ irú bọ́ọ̀lù tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ní kó máa lò ó títí kòkó yóò fi dé.

Jórinjórin bá wọn tẹ irin róbótó kan, wọ́n kàn án mọ́ pákó, wọ́n gbé e sórí òpó gíga. Kò pẹ́ tí èrò fi ń wá wòran. Ùmmúkùlsùm fúnra rẹ̀ á gbé àpótí sí ẹ̀gbẹ́ pèpéle, á máa rọ epo pupa tó ń tà sínú ìgò, á sì máa wo àwọn ọmọ.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Àzíìzàt ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tó ń bẹ̀rẹ̀ kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ìyá rẹ̀ àgbà tó tọ́ ọ dàgbà ń din gààrí ní Ajue. Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ló ń gbé ní Odigbo nítorí ilé ẹ̀kọ́. Ìyá àgbà ti sọ ọ́ títí pé òun kò fẹ́ kí ọmọ òun máa fi ṣòkòtò péńpé fò kiri láàárín ọkùnrin. Ṣùgbọ́n bí Àzíìzàt bá ju bọ́ọ̀lù, kì í dúró wo ibi tó bọ́ sí. Á ti yíjú padà, á ti máa sáré lọ, kí bọ́ọ̀lù tó gba inú irin náà kọjá.

"Ìyá Hàbíb, ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i, Agùntáṣọọ́lò. Rọra o, má fi orí fa wáyà iná já."

Báyìí ni wọ́n ṣe wà tí Zubair fi gbọ́. Zubair ló ń kó owó tẹ́tẹ́ jọ lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ní gáréèjì Ore. Àwọn ọmọ Odigbo fẹ́ bá àwọn ọmọ gáréèjì gbá a ní Ore lọ́jọ́ Sátidé, Zubair sì ti ta tẹ́tẹ́ pé àwọn ọmọ gáréèjì ni yóò borí. Àwọn kóòṣì kan sì ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ wá mú ọmọ méjì lọ, tí wọn yóò máa kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọn yóò sì máa rán níwèé. Lọ́jọ́bọ̀, Zubair wá sọ́dọ̀ Ùmmúkùlsùm.

"Ìyá Hàbíb, ìsọ̀ tí ẹ ti ń wá láti ìjọsí, ọ̀kan ti ṣófo. Ibi tí bọ́ọ̀sì Bìní ti ń dúró gan-an ni."

"Kí ni mo fẹ́ fi gbà á?"

"Ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Ọmọ gíga yẹn ni. Kó má ṣáà dé Ore lọ́jọ́ Sátidé."

"Zubair, ṣé o fẹ́ kí n dá ọmọ ọlọ́mọ lẹ́sẹ̀ ni?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ta ló dárúkọ ẹsẹ̀? Ẹ wá ibì kan rán an. Eré ọmọdé ni, màmá. Ọjọ́ mìíràn kò ní ṣàì wà tó máa jù ú."

Ó yẹ kí Ùmmúkùlsùm lé e jáde. Kò lé e. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti ń ta epo ní kọ́nà tí ẹnikẹ́ni kì í gbà. Eré ọmọdé ni, ó ń wí fún ara rẹ̀, eré ọmọdé ni, títí ọ̀rọ̀ náà fi jọ òótọ́ létí rẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, Àzíìzàt ń kọjá lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó so bàtà kọ́ ọrùn. Ùmmúkùlsùm pè é.

"Ọlọ́kadà kan wá láti Ajue. Ó ní ìyá rẹ àgbà dùbúlẹ̀, wọ́n ní kí o máa bọ̀."

Ọmọ náà dúró. Ó wo ọ̀nà Ore, ó wo ọ̀nà Ajue.

"Ṣé ó le ni, mà?"

"N ò mọ̀. Wọ́n ṣáà ní kí o yára."

Àzíìzàt bọ́ bàtà náà lọ́rùn, ó ní, "Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀, mà. Bóyá màá tètè dé." Ó gun ọ̀kadà lọ.

Odigbo fìdí rẹmi. Àwọn kóòṣì mú ọmọkùnrin méjì láti gáréèjì, wọ́n lọ. Lọ́jọ́ kejì, Àzíìzàt padà dé. Ara ìyá àgbà le koko, ìdí àgbada gààrí ló bá wọn.

"Ìyá àgbà ló parọ́ ránṣẹ́ pè mí, mà," ló wí. "Wọ́n ní àwọn kò rán ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ wọ́n. Wọn ò fẹ́ kí n gbá a."

Ibi tó yẹ kí Ùmmúkùlsùm ti la ẹnu rẹ̀ rèé. Ohun tó wí ni pé, "Àgbà ni wọ́n. Fi wọ́n sílẹ̀ fún Ọlọ́run." Irọ́ àkọ́kọ́ gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọmọ. Èkejì burú jù ú lọ, òun fúnra rẹ̀ kò sì tí ì mọ bó ti burú tó.

Àzíìzàt kò gun pèpéle náà mọ́. Kò tó ọdún méjì tó fi relé ọkọ ní Ago Alaye. Ùmmúkùlsùm kó lọ sí ìsọ̀ níwájú gáréèjì, ọjà sì ń tà. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, pé ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé. Ti Ùmmúkùlsùm kò rí bẹ́ẹ̀. Bí oníbàárà bá ní, "Màmá, ibi yìí mà dára o, báwo lẹ ṣe rí i?" á bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń wá nǹkan lábẹ́ tábìlì, títí ẹni náà yóò fi sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Lọ́dún yìí, Zubair kú. Nígbà tí wọ́n gbé òkú síwájú ààfáà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Kàsímù dúró, ó kéde bí wọ́n ti máa ń kéde:

"Ẹni tí Zubair bá jẹ ní gbèsè, kó wá bá mi. Ẹni tí òun bá ṣẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda rẹ̀, ẹ dárí jì í."

Awakọ̀ kan nawọ́, ó ní táyà òun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kàsímù ní òun á san án. Láàárín àwọn obìnrin lẹ́yìn, Ùmmúkùlsùm ń ro tirẹ̀. Kàsímù lè san táyà. Ṣùgbọ́n irọ́ tó ti ẹnu òun jáde, ta ni yóò bá òun dá a padà lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé òun náà síbẹ̀?

Ó mú ọ̀nà Ago Alaye pọ̀n lọ́jọ́ kejì. Àzíìzàt ń bó ẹ̀gẹ́, ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí i, Ùmmúkùlsùm ní kó má kúnlẹ̀. Àzíìzàt gbé àga fún un, kò jókòó. Ùmmúkùlsùm rò ó láti orí dé ìdí: Zubair, ìsọ̀, ọlọ́kadà tí kò sí. Kò fi ọ̀kankan pamọ́.

Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ Àzíìzàt, kò bó nǹkan kan mọ́.

"Ti bọ́ọ̀lù, mo yọ̀ǹda yín, mà," ló wí nígbẹ̀yìn. "Mo yọ̀ǹda yín délẹ̀délẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà gbé ọwọ́ lé Kùránì, wọ́n búra fún mi. Mo ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Ọdún márùn-ún ni n kò fi tẹ Ajue. Wọ́n ń ránṣẹ́, mi ò lọ. Ọjọ́ tí mo máa lọ, wọ́n ti sin wọ́n."

Ùmmúkùlsùm bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ̀ǹda ìyẹn náà.

"Èyíinì kì í ṣe tèmi láti yọ̀ǹda," ni Àzíìzàt wí. "Ìyá àgbà lẹ jẹ ní gbèsè. Èmi náà jẹ wọ́n."

Ó tẹ orí ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ padà. Ùmmúkùlsùm dúró tì í díẹ̀ sí i, bí ẹni pé òun lè rí ẹlòmíràn nínú ilé náà tí òun yóò san gbèsè náà fún. Kò sí.