Ọmọ Ẹni Tó Lọ sí Gáná

Ní Ajégúnlẹ̀ tí wọ́n bí mi sí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àgbà máa ń bi ọmọdé kì í ṣe orúkọ. "Ọmọ ibo ni ẹ́?" ni. Nínú ilé tí à ń gbé, yàrá mẹ́rìnlá ló dojú kọ ara wọn. Ùróbò wà níbẹ̀, Haúsá wà níbẹ̀, Ìgbò wà níbẹ̀ kí ogun tó dé, gbogbo wọn ló sì ní ìdáhùn. Èmi náà ní tèmi. Màá dárúkọ ìlú kan tó wà lórí òkè, tí n kò tíì fojú rí rí, màá fi orúkọ agbo ilé bàbá mi tì í, màá sì gbé orí sókè bí ẹni tí ọba ìlú náà mọ̀. N kò ní dárúkọ ìlú ọ̀hún níbí. Àwọn tó ni ín ṣì wà láàyè, mo sì jẹ wọ́n ní gbèsè ọ̀rọ̀ kan tí n kò tíì sọ.

Lébìrà ni bàbá mi ní Wáàfù, èbúté ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá. Kó tó jáde láàárọ̀, ìyá mi á kúnlẹ̀, á kì í ní oríkì orílẹ̀ rẹ̀, láti orí ẹni tó tẹ agbo ilé náà dó títí dé orí bàbá bàbá rẹ̀. Ìyá mi kì í ṣe ará ìlú yẹn o. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n ju àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ. Bàbá mi á dúró, á gbọ́ ọ tán, á ní "O ṣé," á sì bá tirẹ̀ lọ. A kì í jẹ ìgbín nílé wa, torí èèwọ̀ agbo ilé náà ni. Ìgbà kan tí mo jẹ ẹ́ nílé ọ̀rẹ́ mi, bàbá mi nà mí títí ẹ̀yìn mi fi wú. Inú ṣì ń bí mi sí pàṣán yẹn títí dòní.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé: bí wọ́n ṣe máa ń sọ nìyẹn ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Kíláàsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan la ti máa ń pàdé ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù. Àwọn bàbá ńláńlá á jókòó sórí bẹ́ńṣì ọmọdé, orúnkún wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà tó ga jù ni pé tí ọmọ ìlú bá kú sí Èkó, wọ́n á gbé e lọ sílé. Ohun tó ń ba àwọn èèyàn yẹn lẹ́rù ju ikú lọ ni kí wọ́n sin wọ́n sí ilẹ̀ ìsìnkú ìjọba, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ ọmọ ẹni tí wọ́n ń ṣe. Bàbá mi ló máa ń tẹ̀lé òkú. Á jókòó ti pósí lẹ́yìn lọ́rì láti Èkó títí dé orí òkè, òjò ni o, oòrùn ni o. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n fún un ní yàrá kan nínú agbo ilé, wọ́n ní yàrá bàbá rẹ̀ ni. Ìtàn tí gbogbo wa mọ̀ ni pé bàbá rẹ̀ bá àwọn oníṣòwò lọ sí Gáná láyé àtijọ́, kò sì padà mọ́, pé ìyá tó bí bàbá mi ló tọ́ ọ dàgbà ní oko kan kó tó wá Èkó.

Nígbà tí ìjọba Gáná lé àwọn àjèjì kúrò nílẹ̀ wọn, Ajégúnlẹ̀ kún fún àwọn tó padà wá láìmọ ibi tí wọ́n ń padà sí. Ẹrù wà lórí wọn, ọmọ wà lẹ́yìn wọn, Yorùbá ẹnu wọn sì ń pani lẹ́rìn-ín. Àwa ọmọ Ajégúnlẹ̀ máa ń sín wọn jẹ, ká má parọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Akọ̀wé ẹgbẹ́ kò ríran kàwé dáadáa mọ́, èmi ni mò ń bá a kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, torí ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára.

Bí a ṣe ń ṣe ìpàdé lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan ni ọkùnrin kan wọlé. Ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìkókó àti àpótí irin kan. Ọkùnrin náà dárúkọ agbo ilé wa. Ó dárúkọ bàbá rẹ̀. Orúkọ tí a máa ń pe bàbá bàbá mi gan-an ni. Ó ní bàbá òun kú sí Kùmásí ní Gáná, ó sì ti sọ fún òun pé bí ayé bá le, kí òun lọ sílé. Ó ní òun kò mọ ọ̀nà, pé wọ́n sọ fún òun ní gáréèjì pé ibí ni àwọn ará ìlú náà ti ń pàdé.

Inú gbogbo èèyàn kọ́kọ́ dùn. Wọ́n yíjú sí bàbá mi, wọ́n ní, "Àbúrò rẹ dé!" Bàbá mi kò dìde. Ó ń wo ilẹ̀.

Alága ẹgbẹ́ ti fìgbà kan rí jẹ́ olórí àwọn lébìrà ní Wáàfù, ọmọ agbo ilé wa sì ni. Ó rí i pé bàbá mi kò dìde, ó wá fara balẹ̀. "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ," ó ní. "Ìwọ ọmọkùnrin, kí ni oríkì orílẹ̀ yín?"

"Ìyá mi kú nígbà tó bí mi. Kò sẹ́ni tó ń kì mí. Bàbá mi ò mọ oríkì í kì, ó kàn ń ṣiṣẹ́ ni."

"Kí lẹ kì í jẹ?"

"Ohun tá a bá rí la máa ń jẹ."

"Ìgbín ńkọ́?"

"Ìgbín? Ìgbín dùn, alága. Ìwọ ò kì í jẹ ẹ́ ni?"

Ẹ̀rín bú, ìbínú sì bá ẹ̀rín wá. Ó jẹ ìgbín, ó tún pe àgbàlagbà ní ìwọ. Ó rí i pé òun ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ, àmọ́ kò mọ èyí tí òun ṣì nínú rẹ̀. Ó wá sọ ohun kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní bàbá òun sọ fún òun pé nínú agbo ilé náà, lẹ́yìn ilé ìdáná, ibojì ìyá ńlá wọn wà lábẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé odó sí, pé wọ́n kì í jẹ́ kí ọmọdé sáré kọjá níbẹ̀. Nínú gbogbo wa tó wà ní kíláàsì yẹn, bàbá mi nìkan ló ti sùn sínú agbo ilé náà láìpẹ́. Alága fúnra rẹ̀ ti kúrò nílé láti kékeré. Gbogbo ojú wá padà sọ́dọ̀ bàbá mi.

Bàbá mi gbójú sókè. Ó ní, "N kò mọ irú ibẹ̀ nínú ilé wa. Bàbá mi ò sì ní ọmọ mìíràn."

Ọkùnrin náà wò ó. Kò bínú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibo wá ni bàbá mi ti wá?" Wọ́n ní kó máa lọ, pé oníjìbìtì ni. Alága ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì kọ ọ́: "Ọkùnrin kan wá láti Gáná, ó ní ọmọ wa ni òun. A yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe ọmọ wa." Mo tilẹ̀ fa ìlà sí ìdí rẹ̀ kó lè dára lójú.

Nígbà tí a délé, ìyá mi ń ṣépè fún ọkùnrin náà, pé ìwọ̀sí wo ni kí ènìyàn wá jí ilé onílé. Bàbá mi ní kó panu mọ́. Kò jẹun lọ́jọ́ náà, àwa sì rò pé ìbínú ni.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ogun ni àwọn ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ǹtì tò sórí òkun títí ojú ò fi tó òpin wọn mọ́. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Wáàfù. Bàbá mi á wọlé, irun á funfun, ìpéǹpéjú á funfun, ikọ́ á sì máa gbé e jìgìjìgì. Nígbà tó yá kò lè jáde mọ́. Mo ti ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Wharf Road nígbà náà, ọjọ́ tí n kò bá lọ síbi iṣẹ́ ni mo máa ń jókòó tì í. Ọ̀sán ọjọ́ kan tí ìyá mi lọ ra oògùn, ó ní, "Sọ fún ìyá rẹ kó má kì mí mọ́. Ó ń gún mi."

Mo ní, "Kí ló ń gún yín, Bàámi?"

Ó wá sọ ọ́. Ó ní òun kò ní ìlú kankan. Oko olóko ni ìyá òun ti ń gbé òun kiri, ó sì kú kí òun tó gbọ́n tó láti béèrè ibi tí wọ́n ti wá. Nígbà tí òun dé Wáàfù, olórí lébìrà, ẹni tó wá di alága ẹgbẹ́ wa, kì í gba ẹni tí kì í ṣe ará ìlú rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí òun àti ẹ̀ jọ ń sùn ní ṣẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń kó ẹrù sí máa ń ròyìn agbo ilé rẹ̀ fún òun kó tó kúrò ní Wáàfù, títí kan ti ẹni tó lọ sí Gáná tí kò padà. Lọ́jọ́ tí olórí lébìrà bi òun pé ọmọ ta ni, ẹnu òun kàn sọ pé ọmọ ẹni yẹn ni. Olórí lébìrà bú sẹ́kún, ó dì mọ́ òun. "Ẹnikẹ́ni ò dì mọ́ mi rí kó tó dọjọ́ yẹn," ni bàbá mi wí.

Mo bi í nípa ibojì tó wà lábẹ́ odó. Ó ní, "Ó wà níbẹ̀. Wọ́n fi hàn mí." Ó ní kí n wá ọkùnrin náà rí kí òun tó kú.

Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Ó lè bá a lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù nígbà míì. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Gáná títí mo fi dé ẹ̀gbẹ́ Kiríkirì, níbi tí àwọn táńkì epo ńlá wà. Ìyàwó ọkùnrin náà ni mo bá. Ó ń fi ọṣẹ àti yanrìn fọ àgbá epo fún àwọn tó ń rà á. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń da omi sí i. Ó ní ọkọ òun ti kú. Lébìrà ojúmọ́ ni, àpò sìmẹ́ǹtì ya lù ú nínú ikùn ọkọ̀ ojú omi, ilẹ̀ ìsìnkú ìjọba ni wọ́n sì sin ín sí.

Mo sọ òótọ́ fún un, gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ ọ láìdá ọwọ́ dúró. Ó wá ní, "Ó ṣépè fún bàbá ẹ̀ kó tó kú. Ó ní bàbá òun purọ́ fún òun, pé ẹni tí kò ní ibì kankan ni àwọn. Ó ní n ò gbọdọ̀ dárúkọ ìlú yẹn fún ọmọ yìí."

Mo kàn ń sunkún bí ọ̀dẹ̀.

"Ẹkún kọ́ o, àǹtí," ó ní. "Mi ò fẹ́ ilé wọn. Ẹ ṣáà sọ fún wọn níbẹ̀ pé ọkọ mi fi ọmọ sáyé." Mo ní màá sọ ọ́. Mo búra.

Bí mo ṣe padà délé, bàbá mi bi mí pé, "Ṣé o rí i?" Mo ní ó ti kú, mo sì sọ bó ṣe kú fún un. Ó kọjú sí ògiri. Ọjọ́ kẹrin ló dágbére fáyé.

Ẹgbẹ́ gbé e lọ sílé, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Inú yàrá tí wọ́n fún un ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sí. Àwọn obìnrin ilé tò yí ká, wọ́n kì í láti orí ẹni tó tẹ ibẹ̀ dó, ìyá mi ń kì í tẹ̀lé wọn, ohùn rẹ̀ ti há. Àwọn àbúrò mi ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, àwọn àgbà sì ń gbàdúrà fún wọn bí ọmọ ilé. N kò tíì sọ nǹkan kan fún ìyá mi. Mo fẹ́ kí ìsìnkú parí ná.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà kan ránṣẹ́ pè mí. Àbúrò ẹni tó lọ sí Gáná ni, òun nìkan ló kù láyé nínú ọmọ ìyá wọn. Ojú rẹ̀ ti fọ́. Ó fọwọ́ pa mí lójú, ó ní òun dúpẹ́ pé a gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun wálé. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ò tún bí ẹlòmíràn síbẹ̀ yẹn? Ṣé kò sí ọmọ ọmọ kankan?"

Mo rántí ẹni tó ń fọ àgbá ní Kiríkirì. Mo wo ẹnu ọ̀nà yàrá tí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù, mo wo ìyá mi tó sùn lórí ẹní níbẹ̀.

Mo ní, "Kò sí o, Màmá. Àwa nìkan ni."