Àbíkẹ́yìn Tí Kò Kúrò Nílé

Ẹnu àbúrò mi ọkùnrin ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ojú Màámi ń bàjẹ́, àmọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Ó pè mí lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ṣì wà ní ilé ìwé ní Ìdógún níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ bá mi bá Màámi sọ̀rọ̀ o. Òkúta ti ń wà nínú ẹ̀wà tí wọ́n ń sè báyìí. Eyín mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán lánàá."

Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ tán ni ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ mí lára. Tí Màámi bá jókòó ti ẹ̀wà, kò sí òkúta tó ń bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Tó bá ti wá ń bọ́, a jẹ́ pé wọn ò rí i ni.

Àbúrò mi yìí ti lé lẹ́ni ogójì ọdún nígbà náà. Ilé tí Bàámi kọ́ sí Ọ̀wọ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìjọba ló ń gbé pẹ̀lú Màámi, yàrá tó ti ń sùn láti kékeré náà ló ṣì ń sùn. Bàámi ti kú tipẹ́. Àwa méjèèjì nìkan la kù fún Màámi. Èmi ni àkọ́bí, òun ni àbíkẹ́yìn, àwọn méjì tó wà láàárín wa kú kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n rìn. Mo rántí ikú èkejì dáadáa. Mo rántí bí Màámi ṣe jókòó sí ẹ̀yìn ilé tí wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Torí náà, nígbà tí èyí dé tó sì dúró, kò yà mí lẹ́nu pé wọn ò fẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i.

Màámi náà ṣe tíṣà. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń pọ̀n ọ́n sí lọ sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ẹlòmíràn, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń gbá wọn ní orúnkún. Tí mo bá ní kó bá mi pọn omi, wọ́n á ní, "Fi í sílẹ̀, ó máa rẹ̀ ẹ́." Tó bá fọ́ abọ́, wọ́n á ní abọ́ náà ti sán tẹ́lẹ̀. Bàámi gbé ọkọ́ fún un lọ́jọ́ kan nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, wọ́n ní kó ro ẹ̀yìnkùlé. Kò tíì ro dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí Màámi fi jáde, wọ́n so ìró mọ́ àyà, wọ́n gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó fúnra wọn nínú oòrùn. Bàámi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo Màámi títí, wọ́n wọlé. N kò tún rí i kí Bàámi gbé ọkọ́ fún ọmọ náà mọ́.

Ó ka ìwé dé Pólì, ó sì parí. Ọkọ mi bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ní ilé ìtẹ̀wé ní Àkúrẹ́ sọ̀rọ̀, ẹni yẹn gbà á síṣẹ́. Àwa la bá a gbé ibùsùn àti ìkòkò lọ. Nígbà tí mo tún dé Ọ̀wọ̀ láti kí Màámi, òun ni mo bá ní pálọ̀ tó na ẹsẹ̀ sórí àga.

Mo ní, "Ṣé kò sí nǹkan? Iṣẹ́ ńkọ́?"

Ó ní, "Ọ̀gá yẹn ń pariwo mọ́ mi, Àǹtí mi. Lójú gbogbo èèyàn."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, Màámi ti yọ láti kíṣìnnì. Wọ́n ní, "Ṣé torí kí wọ́n lè máa pariwo mọ́ ọn ni mo ṣe bí i ni?" Wọ́n gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀. "Ọkọ mi, jẹun ná."

Bí ó ṣe jókòó sílé nìyẹn. Oorun ni yóò sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́ kanrin. Màámi á ti gbé omi sí balùwẹ̀ fún un, wọ́n á ti lọ aṣọ rẹ̀, àní nígbà tí kò sí ibi tó ń lọ. Ọmọbìnrin aránṣọ kan láti Ìmèrì fẹ́ràn rẹ̀ nígbà kan, ọmọ jẹ́jẹ́ ni, mo sì ń gbàdúrà pé kí ọ̀rọ̀ náà di ìgbéyàwó. Ó wá kí Màámi nílé. Nígbà tí oúnjẹ dé, ó rí i tí Màámi ń yọ eegun kúrò nínú ẹja ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́, wọ́n ń yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin náà ń tẹ fóònù. Ọmọbìnrin yẹn kò wá mọ́.

Àbúrò mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo ní láti sọ èyí, torí àwọn ará àdúgbò máa ń sọ ọ́ bíi pé olè ni. Kì í mutí, kì í bú ìyá rẹ̀, kì í mú nǹkan wọn láì tọrọ. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń pa Màámi lẹ́rìn-ín ju èmi lọ. Tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á máa sín bíṣọ́ọ̀bù jẹ fún wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi di ògiri mú.

Nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ òkúta inú ẹ̀wà yẹn, mo mú Màámi lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, ó ní ojú ọ̀tún ti lọ, pé ó ti pẹ́. Ti òsì ṣì ṣeé ṣe. Ó ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú òsì náà, ó sì bọ́ sí i. Ó wá kìlọ̀ fún wa dáadáa: wọn ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo, wọn ò gbọdọ̀ ṣe ohun tó máa mú ara wọn gbọ̀n, èéfín kò gbọdọ̀ dé ojú náà. Mo ní màá mú wọn lọ sí Ìdógún sọ́dọ̀ mi. Kí a tó lọ, mo se ọbẹ̀ oríṣiríṣi sínú fíríìjì fún àbúrò mi, mo sì fi bí á ṣe máa gbé e kaná hàn án.

Àwọn ọjọ́ tí wọ́n lò lọ́dọ̀ mi yẹn dùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń kán oògùn sí ojú wọn, wọ́n di orí mi mú, wọ́n wò ó títí. "Háà! Ìwọ náà ti hewú!" Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n jókòó síta, wọ́n ń wo òkè, wọ́n ń wo àwọn tó ń ti oko bọ̀, wọ́n ń sọ àwọ̀ aṣọ tí oníkálukú wọ̀ fún mi.

Ṣùgbọ́n fóònù kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. "Màámi, ìgbà wo lẹ ń bọ̀?" "Màámi, ọbẹ̀ ti tán." "Màámi, búrẹ́dì ti sú mi." Mo gba fóònù lọ́jọ́ kan, mo ní kó lọ jẹun lọ́dọ̀ àwọn olóúnjẹ tó wà lọ́nà Ọjà Ọba. Ó ní oúnjẹ títà máa ń da inú òun rú. Láti ìgbà náà ni Màámi ti ń fọwọ́ ti oúnjẹ tiwọn sẹ́yìn. Tí mo bá bẹ̀ wọ́n, wọ́n á ní, "Báwo ni mo ṣe máa jẹ ẹ́ tí ẹnì kan ò tíì jẹ?"

Mo lọ sí ilé ìwé láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí mo dé, wọn ò sí. Obìnrin tó múlé tì mí ní wọ́n ti gun ọ̀kadà lọ sí ibùdókọ̀. Mo pe fóònù wọn, àbúrò mi ló gbé e.

Ó ní, "Wọ́n ti dé, Àǹtí mi. Ẹ má mikàn. Wọ́n wà ní kíṣìnnì."

Mo wọ ọkọ̀, a gba Ìpele, n kò mọ bí a ṣe dé Ọ̀wọ̀. Nígbà tí mo wọlé, ó ń jẹ iyán. Iyán funfun, tó gún dáadáa, bí Màámi ṣe máa ń gún un. Màámi jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n fi ọwọ́ bo ojú òsì. Ike tí dókítà fi bo ojú náà wà nílẹ̀.

Mo ní, "Màámi, ta ló gún iyán yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin? Pẹ̀lú ojú yín yìí?"

"Má pariwo," wọ́n ní. "Jẹ́ kó jẹun tán."

Àbúrò mi ti gbé òkèlè sílẹ̀. Ó ní, "Mi ò ní kí wọ́n gúnyán o. Mo kàn ní iyán ń wù mí jẹ ni."

"Ìwọ ò lè gba ọmọ odó lọ́wọ́ wọn?"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì sí i. "Wọ́n ní kí n lọ jókòó," ó ní. Òótọ́ ni. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe wí.

A gbé Màámi padà sí ilé ìwòsàn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Dókítà tan iná sí ojú wọn. Ẹ̀jẹ̀ ti dà sínú ojú náà. Ó gbìyànjú, ó tún ṣe iṣẹ́ abẹ mìíràn, ó ṣe é tọkàntọkàn. Àbúrò mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ó di ẹ̀wù mi mú nígbà tí mo jáde, bí ó ṣe máa ń ṣe tó bá ṣubú nígbà tó wà ní kékeré. "Àǹtí mi, ṣé wọ́n á ríran?"

Wọn ò ríran mọ́.

Mo kó Màámi wá sí Ìdógún pátápátá. Ọdún yẹn ni wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ tọ ògiri dé balùwẹ̀, tí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ mí láti ìró bàtà. N kò gbọ́ kí wọ́n dá ọmọ náà lẹ́bi rí. Tí mo bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní, "Ọwọ́ mi ni mo fi gún un," ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, mo lọ sí Ọ̀wọ̀ láti kó aṣọ òtútù wọn. Mo ti to èébú sẹ́nu láti ọ̀nà. Mo bá àbúrò mi ní kíṣìnnì, ìkòkò tó jó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìrẹsì ti dúdú mọ́ ìdí rẹ̀. Ó ti rù. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti hu, funfun sì wà nínú rẹ̀.

Kò kí mi dáadáa. Ó ní, "Omi, báwo ni wọ́n ṣe máa ń bù ú tó, Àǹtí mi? Tí mo bá bu púpọ̀, á di ẹ̀kọ. Tí mo bá bu díẹ̀, á jó."

Mo gbé ìkòkò náà nílẹ̀. Mo fọ̀ ọ́. Mo fi hàn án bí omi ṣe máa ń yọ díẹ̀ lórí ìrẹsì. Àwa méjèèjì dúró ti gáàsì, àgbàlagbà méjì, à ń wo omi tó ń hó. Ó wá sọ̀rọ̀ láì wojú mi.

"Mo máa ń fẹ́ lọ, ẹ mọ̀? Ọ̀pọ̀ ìgbà. Màá ti di aṣọ mi sínú báàgì. Wọ́n á ní kí n jẹun ná."

Mo dín iná gáàsì kù, mo ní kó má ṣí ìdérí ìkòkò.

Lẹ́yìn ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, ó wá sí Ìdógún, ìgbà àkọ́kọ́ tó wá láti ìgbà tí mo ti kó Màámi wá. Ó ti ń bá ọkùnrin kan ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù símẹ́ńtì, iṣẹ́ náà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n kò tíì sá kúrò níbẹ̀. Màámi fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú rẹ̀ mú, wọ́n fi ìka tọ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí.

"O rù, ọkọ mi."

"Iṣẹ́ ni, Màámi."

Mo bu oúnjẹ fún wa. Màámi tọwọ́ bọ abọ́ tiwọn, wọ́n wá ẹran rí, wọ́n nà án sí i. Ó gbà á. Ó wò ó, ó wò mí, ó sì rọra dá a padà sínú abọ́ wọn.

"Ṣé o ti jẹ ẹ́?" wọ́n ní.

"Mo ti jẹ ẹ́."

Ọwọ́ wọn tún bá ẹran náà pàdé. Wọ́n rò pé èmi ni mo fi òmíràn kún un. Wọ́n mú un, wọ́n tún nà án sí i. Àbúrò mi dìde, ó lọ síta, mo gbọ́ ẹkún rẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé.

Nígbà tó ti wọ ọkọ̀ lọ tán, Màámi béèrè ta ní ń fọ aṣọ rẹ̀. Mo ní òun fúnra rẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́. Wọ́n béèrè ta ní ń se oúnjẹ. Mo ní òun náà ni, pé ó ti mọ ìrẹsì sè. Mo rò pé inú wọn á dùn. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ láti ojú wọn méjèèjì tí kò ríran mọ́.

Wọ́n ní, "Kí wá ni mo kù láyé fún?"

Mo di ọwọ́ wọn mú. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí tí wọ́n fi ní kí n mú àwọn lọ sí yàrá, pé ara ń ro àwọn.