Onífọ́tò Kétu àti Ṣọ́ọ̀ṣì Alámọ̀

Ọkọ mi, Honoré Ládélé, kì í ya fọ́tò ẹni tí kò bá múra. Bí o bá ti oko dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, á ní kí o padà sílé lọ wẹ̀, kí o para, kí o wọ aṣọ tó o fi ń ṣọdún. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá rí fọ́tò náà lẹ́yìn ogún ọdún kò ní mọ̀ pé oko lo ti ń bọ̀, ohun tó bá rí ló máa gbà gbọ́. Gbogbo Kétu ló mọ òfin yìí, títí dé àwọn abúlé Okpomèta àti Kpankou. Èmi ni mo máa ń bá a jà pé ó ń lé oníbàárà. Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà, àmọ́ sùúrù tirẹ̀ a máa bí mi nínú.

Ó ti ya ìyá gbogbo ará Kétu, ṣùgbọ́n kò ní fọ́tò ìyá tirẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí ìyá náà, Sidonie, ń ru gàrí lọ sọ́jà tí àìsàn kọlù ú lọ́nà. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì abúlé Òkè-Àgbọn gbé e wọlé, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ibẹ̀ ló sì kú sí. Kí ìròyìn tó dé Kétu, wọ́n ti sin ín sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Lọ́dọ̀ wa, inú ilé là ń sin òkú wa sí, kí àwọn ọmọ lè máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìtìjú ni ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ fún bàbá ọkọ mi. Ó ní ọmọ òun kankan kò gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láyé, ọkọ mi sì gbọ́ràn. Ìyá àgbà kan nínú ilé ló sọ fún un níkọ̀kọ̀ pé katikíìsì ibẹ̀, tó ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, fi ọ̀dà kọ orúkọ Sidonie sára àgbélébùú onígi ìrókò. Láti kékeré ló ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Ọdún kẹta tí Dahomey gba òmìnira ni bàbá náà kú. Kò tíì pé oṣù méjì tí Fadá Jean-Baptiste, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Pọ̀bẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí Òkè-Àgbọn, fi ránṣẹ́ sí ọkọ mi. Wọ́n fẹ́ wó ṣọ́ọ̀ṣì alámọ̀ náà láti kọ́ èyí tó tóbi. Fadá ń fẹ́ fọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì àti ti àwọn ibojì ẹ̀yìn rẹ̀. Ibojì tí orúkọ rẹ̀ bá hàn nínú fọ́tò, wọ́n á kó egungun rẹ̀ lọ sí itẹ́ òkú tuntun. Èyí tí kò bá lórúkọ, orí rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì tuntun máa dúró lé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ, ó wọ agbádá tó fi gbé mi níyàwó. Mo bi í pé ọdún wo là ń lọ ṣe.

Ó ní, "Màmá Fúnkẹ́, ìyá mi ni mò ń lọ kí."

N kò lè fi í ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Mo jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, mo gbá igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó fi ń gbé ẹ̀rọ fọ́tò dúró mọ́ra, a kọrí sí Òkè-Àgbọn.

Ṣọ́ọ̀ṣì náà dára, n kò ní purọ́. Ògiri rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí òtútù fi ń kí ọ bí o bá ti wọlé nínú oòrùn. Àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kọ́lé sábẹ́ páànù, ẹnikẹ́ni kò lé wọn. Ọkọ mi ya iwájú, ó ya ẹ̀gbẹ́, ó dúró títí oòrùn fi kan agogo kó tó ya ìyẹn. Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà á láti yí sẹ́yìn.

Nígbà tí a yí sẹ́yìn, gbogbo àgbélébùú ń dán gbinrin. Philomène, olórí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, ló bọ́ síwájú wa tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ó ní, "Ẹ kú àbọ̀ o, Bàbá onífọ́tò. A mọ̀ pé ẹ kì í ya ohun tó dọ̀tí. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń fi ewé ìpín ha wọ́n."

Wọ́n ha wọ́n lóòótọ́. Ewé ìpín tí a fi ń dán igbá àti ọpọ́n ni wọ́n fi ha ìdọ̀tí, tí wọ́n sì fi ha ọ̀dà. Kò ku orúkọ kan ṣoṣo. Ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn òkú sí ńkọ́? Ikán ti jẹ ẹ́ tipẹ́.

Inú bí mi gidigidi. Àmọ́ ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Mo gbé tèmi mì. Ọkọ mi ní, "Ẹ ṣé, Ìyá. Ó mọ́ dáadáa." Ó wá lọ jókòó sábẹ́ igi. Èmi ni mo sunkún.

Nígbà tó dìde, ó ní kí wọ́n pe gbogbo ẹni tó ní èèyàn níbẹ̀, kí kálukú dúró ti òkú tirẹ̀. Ó mú èédú, ó ń bi wọ́n lórúkọ, ó sì ń kọ ọ́ sára àgbélébùú lọ́kọ̀ọ̀kan títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Ó kọ méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó ku mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà tí ẹnikẹ́ni kò dúró tì.

Wọ́n mú Màmá Thérèse, opó katikíìsì yẹn, wá. Ó fọwọ́ kan àgbélébùú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó ní, "Ará Kétu yẹn wà nínú àwọn mẹ́ta yìí, ọmọ mi. Àjèjì lọ́nà bíi tirẹ̀ ni àwọn méjì yòókù, ẹnikẹ́ni kò wá béèrè wọn rí. Èwo ni tirẹ̀, n kò rántí. N kò sì ní purọ́ fún ọ."

Mo ní, "Bàbá Fúnkẹ́, ẹ mú ọ̀kan. Ọkàn yín á sọ fún yín."

Ó mi orí. Ó kúnlẹ̀ tòun ti agbádá, ó kọ Sidonie sára èkíní. Ó kọ Sidonie sára èkejì. Ó kọ ọ́ sára ẹ̀kẹta.

Fadá ní, "Mùsíọ̀ Honoré, èèyàn kan kì í sùn sí ibojì mẹ́ta."

Ọkọ mi ní, "Fadá, ẹ tọ́ka sí èyí tí kì í ṣe ìyá mi, màá nù ún."

Fadá wò wọ́n títí. Lẹ́yìn náà ló ní kó máa ya fọ́tò rẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdọọdún, nígbà ìrántí àwọn òkú, bí a bá lọ sí itẹ́ tuntun, ibojì mẹ́ta là ń ro koríko orí rẹ̀. Nígbà tí Fúnkẹ́ ọmọ wa gbọ́n díẹ̀, ó bi mí pé èwo gan-an ni ìyá bàbá òun. Mo ní kó kúnlẹ̀, kó kí gbogbo wọn.